Irú Theresa Nínú Ilé Onítáyà

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí eyín méjì tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu bọ́ sínú iyán tí n ó jẹ lónìí, kí n sì gbé wọn mì láìmọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń wojú ara wọn bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Sylvanus kì í ṣe ẹni inú àlọ́. Ọmọ Ùsò ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orúnkún rẹ̀ kan máa ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo bó bá ń dìde, ó sì lè dákẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ ẹ́.

Àwọn òyìnbó tó ń la títì ló gbà á ní ọlọ́dẹ. Ìyẹn láyé ìgbà tí katakata ń ké káàkiri igbó wa láti Ọ̀wọ̀ títí dé apá Ute, tí eruku pupa bo ewé kòkó dé ibi pé àwọn ọ̀bọ gan-an ń wúkọ́. Lẹ́bàá Ìjàgbà ni wọ́n pàgọ́ sí. Ọ̀gá wọn kò gbé inú àgọ́ bíi ti àwọn yòókù. Inú ọkọ̀ ló ń gbé, ọkọ̀ funfun gàgàrà kan tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní tábìlì, tó ní ibi ìdáná, tó ní fèrèsé pẹ̀lú kọ́tìnnì, tó sì ní ilé ìyàgbẹ́ tí kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ. Àwọn ará Ìjàgbà sọ ọ́ ní Ilé Onítáyà.

Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu jù nínú ọkọ̀ náà ni fìríìjì rẹ̀. Kò lo iná mànàmáná. Gáàsì ló ń lò. Sìlíńdà méjì wà nínú àpótí kan níta, ọ̀kan fún lílò, ọ̀kan ní ìpamọ́. Páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ ọkọ̀ dé ẹ̀yìn fìríìjì, iná kékeré kan sì wà níbẹ̀ nínú páànù, ó búlúù, kò ju èékánná ọmọdé lọ, tọ̀sán-tòru ló ń jó. Iná yẹn ló ń mú fìríìjì tutù. Ẹ má bi mí bó ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá náà ṣàlàyé rẹ̀ fún Sylvanus, Sylvanus ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, kò sì yé ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì. Èyí tó yé Sylvanus ni pé iná náà ò gbọdọ̀ kú, àti pé fìríìjì gbọ́dọ̀ dúró déédéé. Bó bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní tutù mọ́.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ títì dáwọ́ dúró. Ìdí rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, n kò ní kà á. Wọ́n kó katakata lọ, wọ́n tú àgọ́. Ilé Onítáyà nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ̀ tí kò dún. Ọ̀gá náà fi kọ́kọ́rọ́ lé Sylvanus lọ́wọ́, ó ní kó máa bá òun ṣọ́ ọ, òun ń bọ̀. Ó lọ. Koríko hù bo ojú ọ̀nà tó gbà lọ, kò sì padà wá.

Theresa, ìyàwó Sylvanus, ló sọ ibẹ̀ di ilé. Irú pẹ̀tẹ̀ ló ń ṣe ní Ùsò. Ó di ìkòkò àti agbọ̀n rẹ̀, ó wá bá ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ti ń se hóró irú títí wọn yóò fi rọ̀, tó ń fọ èèpo wọn kúrò, tó ń fi ewé àti àpò bò wọ́n mọ́ra títí wọn yóò fi làágùn tí òórùn wọn yóò jáde. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ máa ń mọ̀ pé òun ti ń sún mọ́ Ìjàgbà kó tó rí ilé kankan. Awakọ̀ kan búra fún mi pé òórùn náà ni òun fi ń mọ ibi tí òun yóò ti tẹ bíréèkì. Theresa kì í fi iyọ̀ sí irú rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń fi iyọ̀ sí i, irú wọn kò dá wọn lójú ni.

Òun ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀gá. Sylvanus ní fóòmù ń dun òun lẹ́yìn, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́bàá fìríìjì. Bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀, ohùn kan lókè, ohùn kan nílẹ̀. Theresa ló ń sọ èyí tó pọ̀. Sylvanus ń dáhùn pé ẹ̀n-ẹ́n, nígbà tó yẹ àti nígbà tí kò yẹ.

Ní ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú, nígbà òjò, ibà dá Theresa dùbúlẹ̀. Kò dìde. Wọ́n gbé e lọ sí Ùsò, fáàdà gbàdúrà sí i, wọ́n sin ín. Fúnmiọlá, ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, bẹ bàbá rẹ̀ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Sylvanus ní kọ́kọ́rọ́ oníkọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Irú tí Theresa ṣe kẹ́yìn wà nínú fìríìjì.

Ìdì irú díẹ̀ ni, ewé ló fi dì wọ́n, ó fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ so wọ́n. Ká ní ìta ni wọ́n wà, ìdin ìbá ti jẹ wọ́n tán kí àwọn tó wá kí i kú ará fẹ́ra kù tó padà sílé. Nínú fìríìjì, wọ́n dúró bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Lójoojúmọ́, Sylvanus á ṣí ìlẹ̀kùn náà, á bu ìwọ̀nba tó lè jókòó sórí èékánná àtàǹpàkò, á sì tètè tì í kí òtútù má baà sá. Bó bá fi sínú ọbẹ̀ tó jẹun tán, ilé náà á dà bí ìgbà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ pọnmi, tó sì ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè lọ sí Àkúrẹ́. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé mọ́ ni pé kí iná búlúù yẹn má kú.

Kí òjò tó parí, táyà ẹ̀yìn kan jo. Ọkọ̀ náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí àgbàlagbà tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi inú fìríìjì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.  Sylvanus kò ní jáàkì, kò sì sí ẹni tí yóò bá a gbé ọkọ̀ tó tó ilé. Ó bá tú àwọn ìdè tó de fìríìjì mọ́ ara ọkọ̀, ó ń ti pákó bọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ó gbé abọ́ omi lé e lórí kó lè mọ ìgbà tí omi náà bá dúró déédéé. Nǹkan kan dún kẹ́ lẹ́yìn ibẹ̀. Kò ka nǹkan náà sí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fìríìjì ti tutù padà, inú rẹ̀ sì dùn dé ibi pé ó kọ orin Máàsì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Sylvanus ti fèrèsé pa, ó ti ìlẹ̀kùn pa, ó fi àkísà dí gbogbo ihò tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. Kò pẹ́ tí òórùn kan fi bẹ̀rẹ̀. Ó jọ àlùbọ́sà tó jẹrà, ó jọ ẹyin tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ní imú Sylvanus, irú ló jọ jù, irú tó ti ń bàjẹ́ lọ. Ọkùnrin tó ti bá onírú gbé láti ìgbà èwe, ibo ni kí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ?

Kò ṣí fìríìjì mọ́. Bí kò bá ṣí i, kò tíì rí i. Bí kò bá tíì rí i, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ ọbẹ̀ láìní irú, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ oògùn. Bó bá jí láàárọ̀ lórí ẹní rẹ̀, orí rẹ̀ á wúwo bí odó, òòyì á kọ́ ọ. Bó bá jáde tó mí síta, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Ó ní ìbànújẹ́ ni. Ó ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn kú. Lábísí, obìnrin ará Ìjàgbà tó máa ń gba ibẹ̀ lọ sóko, bi í léèrè bóyá ewúrẹ́ ẹnìkan kú sábẹ́ ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí Lábísí lókèèrè, inú ilé ló ń wọ̀.

Gáàsì ló tú àṣírí. Sìlíńdà tó máa ń pẹ́ dé ibi pé Sylvanus á gbàgbé ọjọ́ tó gbé e wá bẹ̀rẹ̀ sí í tán wẹ́rẹ́. Ó gbé èyí tó ṣófo lọ sí Ọ̀wọ̀, sọ́dọ̀ Jìbírílù, tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí mọ́ṣáláṣí àárín ìlú. Jìbírílù ń ta gáàsì, ó ń tún sítóòfù ṣe, ó sì ń sọ̀rọ̀ láti orí iṣẹ́ kan dé orí ìkejì láìsinmi. Ó wo sìlíńdà, ó wo Sylvanus, ó bi í bóyá ó ti ṣílé oúnjẹ ni. Sylvanus ní bóyá wọn kò rọ ọ́ kún nígbà yẹn.

Ẹ̀rín kúrò lójú Jìbírílù. Èdè Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ síra wọn o, èmi ni mo yí i sí èyí tí gbogbo Yorùbá á gbọ́.

"Bàbá, ṣé afẹ́fẹ́ lásán lẹ ní mo tà fún yín?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó tètè tán ni."

"Ọ̀kan náà ni. Ẹ fi sìlíńdà yìí sílẹ̀. Lọ́la, èmi fúnra mi ni n ó gbé e wá, n ó sì fojú ara mi rí ẹni tó ń mu gáàsì yín."

Sylvanus kò lè kọ̀. Nígbà tó délé, ojútì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un kí àlejò tó dé. Kúlísúmù, ìyàwó Jìbírílù, wà lára àwọn tó máa ń ra irú lọ́wọ́ Theresa. Bí Jìbírílù bá wọlé, á gbọ́ òórùn náà. Bó bá padà sí Ọ̀wọ̀, á sọ. Gbogbo Ọ̀wọ̀ á sì gbọ́ pé irú Theresa ti jẹrà. Obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò dá irú rẹ̀ padà fún rí.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa bí ẹ̀fọn bá pọ̀ tàbí tí yàrá bá ń rùn: èèpo ọsàn gbígbẹ la ń dáná sí kí èéfín rẹ̀ lé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, Sylvanus kó èèpo ọsàn jọ sínú àpáàdì, ó gbé e kalẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá fìríìjì, níbi tí òórùn náà ti le jù. Fèrèsé wà ní títì. Ó mú ìṣáná. Bó ṣe fẹ́ ṣá a ló gbọ́ tí alùpùpù Jìbírílù ń bọ̀ látòkèèrè, tó ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni ibà ń ṣe. Alùpùpù náà kò ní iná iwájú, kò ní dígí, ohùn nìkan ló ní. Sylvanus di ìṣáná mọ́wọ́, ó jáde lọ pàdé àlejò.

Jìbírílù kí i tán, ó tú sìlíńdà lẹ́yìn alùpùpù, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó dúró. Ó wo àpáàdì tó wà nílẹ̀. Ó wo ọwọ́ Sylvanus. Ó sọ sìlíńdà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

"Bàbá, ẹ ju ìṣáná yẹn sínú koríko."

"Mo kàn fẹ́ fi lé òórùn..."

"Ẹ jù ú ná. Àlàyé á dúró dè wá."

Sylvanus jù ú. Jìbírílù fa fèrèsé kan ṣí, ó fa òmíràn ṣí, ó jáde lọ síbi àpótí gáàsì kó lè ti ẹnu sìlíńdà pa. Ibẹ̀ ni Sylvanus ti ká a mọ́. Ọkùnrin tí orúnkún rẹ̀ ń dún sáré yí ọkọ̀ ká, ó dúró síwájú àpótí náà, ó na apá méjèèjì.

"Má ti í. Bó o bá ti í, fìríìjì á gbóná."

"Ó sàn kí fìríìjì gbóná ju kí èmi àti ẹ̀yin gbóná lọ. Ilé yín ti kún fún gáàsì."

"Kì í ṣe gáàsì. Irú ni."

"Irú wo?"

Sylvanus wo ilẹ̀. "Irú Theresa. Èyí tó ṣe kẹ́yìn."

Jìbírílù pa ẹnu mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé kò dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Bàbá, mo ti jẹ irú Ìyá Fúnmi láìmọye ìgbà. Imú mi mọ̀ ọ́n. Èyí kọ́."

"O ò lè mọ̀ ọ́n tó mi."

"Mi ò bá yín jiyàn. Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde, kẹ́ ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ níta níbí. Bó bá jẹ́ òun ni, n ó dọ̀bálẹ̀ fún yín, n ó gbé sìlíńdà mi, n ó máa lọ."

Apá Sylvanus wálẹ̀. Jìbírílù ti gáàsì pa.

Sylvanus nìkan ló wọlé lọ gbé irú náà. Ó kọjú sápá kan bó ṣe ń ṣí fìríìjì, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ó kó àwọn ìdì náà sínú abọ́, ó gbé wọn jìnnà sí ọkọ̀ dé abẹ́ igi mángòrò tí Theresa máa ń jókòó sí, ó sì dúró síbẹ̀ tí kò tú nǹkan kan. Ọyẹ́ ń fẹ́. Jìbírílù kò kán an lójú. Nígbà tó pẹ́, Sylvanus tú okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdì kan, ó ṣí ewé náà, ó gbé e sẹ́mú.

Irú ni. Kò jẹrà, kò kan, kò yí padà rárá. Ó ń ta sánsán bó ṣe máa ń ta. Òórùn náà gan-an ló máa ń wà lọ́wọ́ Theresa láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi bó bá ń we gèlè níwájú dígí, bó ti wù kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà tó. Sylvanus jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú ewé náà lójú rẹ̀. Jìbírílù yíjú sí alùpùpù rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé nǹkan kan bàjẹ́ lára rẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ lára alùpùpù náà pọ̀, nítorí náà ó rí nǹkan wò fún ìgbà pípẹ́.

"Òun kọ́," Sylvanus sọ nígbẹ̀yìn.

"Òun kọ́, Bàbá."

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Jìbírílù tọrọ ọṣẹ àti omi. Ó po ọṣẹ dúdú títí ó fi hó, ó wá ìyẹ́ adìyẹ kan, ó tú páànù ẹ̀yìn fìríìjì, ó wò ó pé iná kékeré náà ti kú pátápátá, ó sì rí i dájú pé atẹ́gùn ti gbá inú ọkọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí Sylvanus lọ ṣí ẹnu sìlíńdà díẹ̀, díẹ̀ báyìí. Ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kun ọṣẹ sí ara páìpù níbi gbogbo tí nọ́ọ̀tù ti dè é. Ibi àkọ́kọ́, ọṣẹ náà dákẹ́. Ibi tó tẹ̀ lé e, ó dákẹ́. Nígbà tó kan èyí tó wọ ìdí fìríìjì, ọṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fòfò, ó ń wú, ó ń bẹ́, ó ń wú padà, bí ẹnu akàn.

"Ẹ wá wo ẹni tó ń mu gáàsì yín."

Sylvanus bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Páìpù náà fà le bí okùn ewúrẹ́ tó ti rí koríko lókèèrè. Jìbírílù fọwọ́ kan pákó tó wà lábẹ́ fìríìjì, ó béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀.

"Èmi ni. Táyà ló jo."

"Ẹ gbé fìríìjì sókè, Bàbá, ẹ ò gbé páìpù. Ibi tí nọ́ọ̀tù ti dì í mú ló ti là."

"Mo fẹ́ kó máa tutù ni."

"Mo mọ̀."

Jìbírílù ní kó lọ ti sìlíńdà pa. Ó bi í níbi tó ń sùn, Sylvanus fi ẹní hàn án. Ó mi orí títí. Ó ṣàlàyé fún un pé gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa ń wá bí omi. Iná fìríìjì wà lókè nínú páànù tirẹ̀, ìyẹn nìkan ni kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì tíì pàdé. Èèpo ọsàn tó gbé kalẹ̀ ni ì bá so wọ́n pọ̀. Orí fífọ́ àti òòyì tó ń pè ní ìbànújẹ́, gáàsì ni. Sylvanus gbọ́ ọ tán, ó ní kì í ṣe gáàsì nìkan. Jìbírílù gbà pé kì í ṣe gáàsì nìkan, ṣùgbọ́n ó wo bẹ́ẹ̀dì tí ìbora wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, ó béèrè ohun tí bẹ́ẹ̀dì náà ṣe.

"Ti Theresa ni," Sylvanus dáhùn. 

Ọ̀rọ̀ wá ku ẹyọ kan. Páìpù tuntun kò sí ní Ọ̀wọ̀, Jìbírílù gbọ́dọ̀ dé Ìbíní kó tó rí i. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan fìríìjì yẹn. Sylvanus wo abọ́ irú tó wà lábẹ́ igi mángòrò. Oòrùn ti ń dé etí rẹ̀.

Jìbírílù rò ó síhìn-ín, ó rò ó sọ́hùn-ún. Ó ní òun lè gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, sínú fìríìjì aládùúgbò òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná mànàmáná tiwọn ń lọ ju bó ṣe ń bọ̀ lọ. Sylvanus rò ó wò: irú Theresa nínú ilé ẹni ẹlẹ́ni, láàárín ẹja wọn àti ìgò mínírà wọn, tí àwọn ọmọ wọn ń di imú sí i. Ó mi orí. Jìbírílù ní bí wọ́n bá fi iyọ̀ po ó ńkọ́, ó lè pẹ́ díẹ̀. Sylvanus kàn wò ó. Jìbírílù tọrọ àforíjì, ó ní òun ò rántí.

Sylvanus dìde, orúnkún rẹ̀ dún.

"Bí ó bá ṣe pé yóò lọ, kó má lọ díẹ̀díẹ̀ mọ́. N ó sè é. O ó bá mi jẹ ẹ́."

Ìta, lọ́nà jíjìn sí ọkọ̀, ló dáná sí. Ó wá ìṣáná rẹ̀ rí nínú koríko. Ó ní ẹran ọ̀yà tó ti yan sórí àjà, ẹran tí pàkúté pa. Ó gbé ìyẹn tì nítorí ẹ̀sìn Jìbírílù, ó fi ẹja gbígbẹ dípò rẹ̀. Ó fọ ẹ̀gúsí, ó já ẹ̀fọ́. Nígbà tí epo gbóná, ó tú ìdì irú kọ̀ọ̀kan, ó dà á sínú ìkòkò láìbu díẹ̀ pamọ́, òun tí ọwọ́ rẹ̀ kì í bù ju ti orí èékánná lọ. Mo lè fi eyín mi búra pé awakọ̀ tó ń sáré lọ sí Ìfọ́n yọ orí síta, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí kòtò. Òórùn náà wọ Ìjàgbà nírọ̀lẹ́ náà. Lábísí gbọ́ ọ níbi tó ti ń yan gààrí, ó dá ọwọ́ dúró, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ onírú sáfẹ́fẹ́ rere.

Sylvanus gún iyán. Láti ìgbà tí Theresa ti kú, àmàlà gbẹrẹfu tàbí iṣu sísè ló ń jẹ, nítorí pé ta ni í gún iyán fún ara rẹ̀ nìkan? Lọ́jọ́ náà ó gún un, odó ń dún lu igbó, igbó ń dá a lóhùn. Ó bu ọbẹ̀ sínú abọ́ méjì, ó gbé ọ̀kan síwájú Jìbírílù. Jìbírílù ṣe bísímílà, ó fọwọ́ ya iyán, ó fi kó ọbẹ̀ náà, ó gbé e mì, ó sì di ojú.

"Bàbá, wọn ò lè ṣe irú báyìí mọ́."

"Wọn ò lè ṣe é mọ́," Sylvanus dáhùn. Ohùn méjì ni, kò sí èyí tó wà lókè, kò sí èyí tó wà nílẹ̀. Wọ́n jẹun tán.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Sylvanus fọ ìkòkò. Ó ká ẹní rẹ̀, ó fi ti ara ògiri. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ pẹ̀lú ọyẹ́ tó ń fẹ́, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó sùn sí etí kan. Ẹ̀yìn dùn ún gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ. Orí kò fọ́ ọ nígbà tó jí.

Jìbírílù rí páìpù náà ní Ìbíní. Ó wá, ó fi í sí i, ó bá a wá jáàkì tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ dúró, ó kun ọṣẹ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti dè é. Kò sí èyí tó yọ fòfò. Wọ́n tan iná. Ó búlúù, ó dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn ìyẹn, Sylvanus máa ń ṣí fìríìjì náà láàárọ̀ bí àṣà rẹ̀. Òtútù á jáde bá a, òtútù tó dára, tí kò rùn rárá. Ìgò omi kan ló wà nínú rẹ̀. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó ti gáàsì pa fúnra rẹ̀, tó fi igi kékeré há ẹnu ìlẹ̀kùn fìríìjì kó má baà tì. Nígbà tí Fúnmiọlá wá lẹ́yìn Àjíǹde, ó bá bàbá rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí aṣọ níta, tó ti ṣetán. Sylvanus fi kọ́kọ́rọ́ Ilé Onítáyà sínú àpò, ó mú un lọ sí Àkúrẹ́, bóyá ọ̀gá yóò wá béèrè.

Ó ti parí. Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ìlà yẹn, eyín mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì, iyán ọ̀sán sì ti wà lórí tábìlì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Nǹkan kékeré kan wà tí mo fi kún un. Gbogbo ìyókù rí bí mo ṣe sọ ọ́: iyán, ẹja gbígbẹ, irú tí kò bu díẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀, àti abọ́ ọbẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n alùpùpù Jìbírílù kò ní iná, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná nígbà tó bẹ Sylvanus pé kó má bínú, tó gbéra. Síbẹ̀, Sylvanus bu abọ́ kejì náà. Abọ́ náà wà níwájú rẹ̀ títí ó fi jẹ tirẹ̀ tán, ó ń tutù lọ. Mi ò lè fi abọ́ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni mo bá fi Jìbírílù jókòó tì í.